Ìrọ̀rùn Ìlò Lórí Wikipedia Yorùbá: Àkíyèsí láti Agbègbè Yewa

Ètò àṣísílẹ̀ ni a lè pe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ó kọ ọ́ kò fi ìlànà inú rẹ̀ bò: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Irú rẹ̀ ni MediaWiki, tí ó jáde ní ọdún 2002, tí Wikipedia Yorùbá sì dúró lé lórí. Nítorí náà, bí ìkànnì yìí bá ṣòro lò fún ọmọ Yorùbá, àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára ọmọ Yorùbá.

1. Ìṣàwárí

Olùkọ́ kan ní Yewa lè kọ orúkọ ìlú kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́ta: Aiyetoro, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ àtijọ́, Ayetoro, láìfi àmì sí i, tàbí Ayétòrò, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Ní òdìkejì ààlà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ɛ ni wọ́n ń lò dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ọ̀pẹ tí ará Ìláròó kọ, ɔ̀kpɛ ni ẹni tí ó kọ́ àkọtọ́ ti Benin ní Kétu yóò kọ. Síwájú sí i, àwọn kan ń fi àmì róbótó sí abẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré. Ojú ènìyàn ka méjèèjì sí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó yẹ kí àpótí ìṣàwárí ka gbogbo wọ̀nyí sí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ààlà má baà pín òǹkàwé níyà. Síbẹ̀, kí a má ṣe da àmì ohùn nù: bí ẹnìkan bá kọ igbá, kí igbá ṣáájú ìgbà nínú èsì.

2. Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì

Fún bọ́tìnnì tí ó ń parí iṣẹ́, fi pamọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi pamọ́, ẹlòmíràn kì í rí i. Bọ́tìnnì yìí sì ń gbé ohun tí a kọ síta fún gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé òun ń tọ́jú iṣẹ́ òun kí òun tó tún un kà yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde láìmọ̀. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí títẹ̀ jáde ti rọ́pò ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Gbé jáde ni ó bá iṣẹ́ bọ́tìnnì náà mu.

3. Ìdánwò

Ìkànnì translatewiki.net ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ MediaWiki. Kí ògbufọ̀ tó fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, kí ó fi han akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó sì bi wọ́n pé: kí ni bọ́tìnnì yìí yóò ṣe bí a bá tẹ̀ ẹ́? Ọ̀rọ̀ tí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀, kí a wá òmíràn dípò rẹ̀.