Ọwọ́ Tí Ń Kun Ohun Tí Ojú Kò Tíì Rí

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ àgbà wa yóò kọ́kọ́ pè ní eré ọmọdé. Oníbàárà a ra ère kéékèèké tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ: ọmọ ogun ọjọ́ iwájú, ẹ̀dá tí kò sí láyé, ọkọ̀ tí ń rìn láàárín ìràwọ̀. Kò ní sùúrù láti kùn wọ́n fúnra rẹ̀, nítorí náà ó wá akunère, ó sì sanwó fún un. Eré tí a mọ̀ jù nínú irú èyí, Warhammer 40,000, jáde ní England ní ọdún 1987 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Games Workshop ti ìlú Nottingham. Láìkùn ni a sábà máa ń ta àwọn ère rẹ̀. Ibẹ̀ ni akunère ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Kí ni ó kan ará Aguidi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn án gan-an.

Ní Sakété, ní Pobè àti ní Kétu, ọjọ́ ti pẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà ti ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, a tọ agbẹ́gilére lọ, a sì sọ ohun tó fẹ́ kí aráyé rí lókè orí òun. Ejò tó gbá ẹyẹ mú ni nígbà kan, ìyá ọlọ́jà ni nígbà mìíràn. Nígbà tí ayé yí padà, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù àti ọkọ̀ òfurufú gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú síbẹ̀ lè má tíì fi ọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ lókè, ó rí i gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ, ó sì fi làákàyè parí èyí tó kù. Bí èyí kì í bá ṣe ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí a fi igi sọ, n kò mọ orúkọ tí à bá tún fún un. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére yìí wà lára ohun tí a bu ọlá fún.

Ìyàtọ̀ kan wà tó dùn mọ́ mi. Kí ọdún tó dé ni a ń tún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn, kí ògbólógbòó igi lè tàn bí titun. Ẹfun, osùn àti aró ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà inú agolo ni lónìí. Òdìkejì ni akunère ọkọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe: ó gba ohun titun, ó sì sọ ọ́ di ogbó. Nínú fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977, àwọn tó ṣe àwọn ọkọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ já ẹ̀yà ara lára àwọn ọkọ̀ ogun oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ tiwọn, wọ́n sì fi ọ̀dà ya epo, eruku àti ojú ìbó sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ojú fi gbà pé àwọn ọkọ̀ náà ti rin ìrìn àjò.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. A ó fọ ère náà, a ó fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i kí ìyókù lè dì mọ́ ọn, a ó sì fi àwọ̀ gidi lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi, tí yóò sá wọ inú gbogbo kòtò kí òjìji lè hàn. Níkẹyìn a ó nu búrọ́ọ̀ṣì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ gbo etí ohun gbogbo. Bí ìwọ̀n ère bá jẹ́ ìdá kan nínú 72, ẹni tó ga ní mítà 1,80 di mìlímítà 25. Ẹyinjú rẹ̀ kò ju kí a fi orí abẹ́rẹ́ kàn án.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ nínú iṣẹ́ ère kékeré ni Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó lákòókò ìjọba amúnisìn. Ó gbẹ́ àjẹ́lẹ̀ òyìnbó, agbẹjọ́rò àti míṣọ́nnárì ní ère tí ọwọ́ kan lè gbé, ó fi dúdú, funfun àti pupa díẹ̀ kùn wọ́n, ó fi àwọ̀ igi sílẹ̀ níbi tó yẹ, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn òyìnbó kan náà. Àwọn kan rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe. Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bi í léèrè, ó sọ pé ayé tó yí òun ká ni òun ń gbẹ́. Nítorí pé ẹnì kan béèrè ni a fi mọ orúkọ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ inú àwọn ilé ìṣúra Yúróòpù ni a kọ orúkọ wọn sí ìdí iṣẹ́ wọn?

Dossou Amidou, agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti Covè, ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Bodys Isek Kingelez ti Kinshasa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó ń fi páálí, ìwé aláwọ̀ àti ìdérí ìgò kọ́ àwọn ìlú ọjọ́ iwájú tí kò sí níbikíbi. Ní 2018, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, MoMA ní New York fi odidi ìpàtẹ kan yẹ́ ẹ sí.

Ohun èlò kò jìnnà sí wa mọ́. Ní 2013, ní WoeLab ní Lomé, Afate Gnikou fi àfọ́kù kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ ohun jáde ní ìpele ìpele. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè tẹ ère jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó dára jù láti kùn ún. Ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀dà lè kun àwòṣe ilé fún ayàwòrán-ilé ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, kí ó tó di pé oníbàárà ọkọ̀ ìràwọ̀ wá a kàn láti òkèèrè. Kí ó ṣọ́ra fún ojú ọjọ́ wa o: ọ̀dà tí a fọ́n nígbà òjò a máa hó funfun, eruku ọyẹ́ a sì lẹ̀ mọ́ èyí tí kò tíì gbẹ. Pẹtiróòlù tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lè jẹ ike.

Ní ti owó, kí a sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó kan búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tí a ó fi ṣeré lórí tábìlì kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú èyí tí a ó gbé sínú gíláàsì. Kí a gba àsansílẹ̀, kí a ya fọ́tò ère náà bó ṣe dé, kí a kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀. Bí oníbàárà bá sì ní kí a ṣe ẹ̀dà igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ẹgbẹ́ kan fún òun, àwọn ìyá àti àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ni a ó kọ́kọ́ lọ bá, nítorí igi náà kì í ṣe ti akunère láti tà. Tí wọ́n bá kọ̀, a ó dá àsansílẹ̀ padà.