Ọ̀BẸ ÀPÒ: Ẹ WO ORÍKÈÉ RẸ̀, Ẹ MÁ WO DÍDÁN RẸ̀

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọ̀kan nínú wa ń gé okùn ẹnu àpò gààrí. Ọ̀bẹ àpò tuntun ló fi ń gé e, èyí tó ń dán gbinrin, tó rà lọ́wọ́ akiri-ọjà ní ibùdókọ̀. Bó ṣe tẹ ọ̀bẹ mọ́ okùn báyìí, ọ̀bẹ yí padà, ó ká wálẹ̀ lé e ní ìka ìlábẹ̀. Ìka ò já, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rán an, ó sì pa ọjà mẹ́ta jẹ. Owó tó rò pé òun dín kù lórí ọ̀bẹ, ìlọ́po rẹ̀ ló bá ìka lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní ká jọ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

KÍ LA FẸ́ FI Í ṢE?

Ọ̀bẹ àpò tí à ń wí ni ọ̀bẹ kékeré tí irin rẹ̀ ń ká wọnú èèkù. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jà pọ̀: a fi ń gé okùn, a fi ń tú ẹnu àpò tí wọ́n fi òwú rán, a fi ń bó ọsàn, a fi ń bẹ́ ẹnu iṣu kí oníbàárà lè rí inú rẹ̀.

Bíléèdì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Bíléèdì mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò léèkù, ó ń ṣẹ́, èyí tó bá sì já sínú gààrí tàbí èlùbọ́ lè dé ẹnu ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn ń fi àkísà wé ọ̀bẹ ilé ìdáná, wọ́n á tì í bọ igbá. Tí mọ́tò bá gbọ̀n, ṣóńṣó rẹ̀ á yọ jáde. Ọ̀bẹ àpò dára jù wọ́n lọ nítorí ó ń pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dára náà ló lè ṣe wá léṣe: oríkèé rẹ̀.

ORÍKÈÉ NI ỌBA

Ọ̀bẹ àpò tí kò ní oríkèé gidi dà bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n. Oríṣi kìíní, sípíríǹgì nìkan ló di irin rẹ̀ mú. Tí a bá ṣí i, ó dúró. Tí a bá fi agbára tì í láti ẹ̀yìn, ó padà. Oríṣi kejì ní ohun tó ń há a mọ́ ibi tó ṣí sí, kò ní ká àfi tí a bá tú ìhámọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ méjì tí wọ́n mọ̀ káàkiri ayé. Okapi jẹ́ ọ̀bẹ tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1902 láti tà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà. Láti 1988, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é. Èèkù igi ló ní, bí a bá sì ń ṣí i, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Òrùka kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ó fà kó tó lè ká. Èkejì ni Opinel, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Joseph Opinel, bẹ̀rẹ̀ ní 1890. Ní 1955 ni wọ́n fi òrùka irin sí ọrùn rẹ̀. A ó yí òrùka náà, irin ò sì ní lè padà. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀bẹ olówó ńlá. Àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe wọ́n fún. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ti lókìkí, wọ́n á ṣe ayédèrú rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń dán ọ̀bẹ wò, a kì í ka orúkọ ara rẹ̀ ká sanwó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, nígbà mẹ́wàá. Tó bá le ju, ó máa bó èékánná. Tó bá rọ̀ ju, kò níṣẹ́ í ṣe lọ́wọ́ yín.

2. Ẹ ṣí i, ẹ di èèkù mú, ẹ fi ọwọ́ kejì mi irin rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ń yẹ̀ jẹgẹjẹgẹ, ẹ dá a padà fún un. Ọ̀bẹ tuntun tó ń yẹ̀ lónìí, á já lọ́la.

3. Ẹ pa á dé, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta. Tó bá yọ, á gún yín nínú àpò.

4. Tó bá ní ìhámọ́, ẹ ṣí i, ẹ fi ẹ̀yìn irin (kì í ṣe ẹnu rẹ̀ o) tẹ orí tábìlì jẹ́jẹ́. Kí ìka yín má sí lójú ọ̀nà tí ì bá gbà padà. Tó bá yọ̀, ìhámọ́ ẹnu lásán ni.

5. Ẹ gbé e sókè síwájú ojú, ẹ wo ẹnu rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Kò gbọdọ̀ wọ́, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ eyín.

Ẹni tó bá ń gé àpò àti okùn líle lójoojúmọ́, kó ra èyí tó ní ìhámọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ọsàn àti náílọ́ọ̀nù ni tirẹ̀, oríṣi kìíní tó o.

IRIN ÀTI ÈÈKÙ

Irin méjì la máa ń bá pàdé. Èyí tó ń dípatà àti èyí tí wọ́n lú chromium mọ́ kó má baà tètè dípatà. Èyí tó ń dípatà rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń mú dáadáa. Ṣùgbọ́n omi ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tòmátì á sọ ọ́ di dúdú, á sì jẹ ẹ́ bí a ò bá nù ún. Ẹ̀yin ọlọ́sàn àti aláta, èyí tí kì í tètè dípatà ló bá yín mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mágínẹ́ẹ̀tì tàn yín: ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí kì í dípatà ni mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé.

Irin tó gùn tó íńṣì mẹ́ta, bí ìka àárín àgbàlagbà, ti tó fún iṣẹ́ ọjà. Èèkù igi máa ń dì mọ́ ọwọ́, àmọ́ tó bá mumi, ó ń wú, oríkèé á sì le. Èèkù rọ́bà kò ka omi sí, bí kò bá ṣáà ti yọ̀. Ẹ fi omi pa ọwọ́ lára, ẹ dì í mú wò.

Ẹ má gbàgbé àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Sípíríǹgì mọ́tò tí wọ́n fi ń rọ ọ̀bẹ jẹ́ irin gidi. Bí ẹ ò bá rí ọ̀bẹ àpò tó dára, ọ̀bẹ kékeré alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú àkọ̀ awọ sàn ju ọ̀bẹ dídán tí oríkèé rẹ̀ yẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní ọ̀bẹ kan jẹ́ ₦1,000, oṣù mẹ́ta ló lò. Ká ní èkejì jẹ́ ₦3,000, ọdún mẹ́ta ló lò. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ẹni àkọ́kọ́ á ra ọ̀bẹ méjìlá, ₦12,000 nìyẹn. Ta ló ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì? A ò sì tíì ka owó ìka mọ́ ọn.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ọ̀bẹ tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, nítorí agbára la ó fi tẹ̀ ẹ́, agbára ló sì ń gbé e yọ̀. Ẹ fi òkúta pọ́n ọn. Ẹ gbé ẹ̀yìn irin sókè díẹ̀, bí igi ìṣáná mẹ́ta tí a tò léra, kí ẹ máa pọ́n ọ̀tún àti òsì bákan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó pa á dé. Ẹ kán epo maṣíìnì ìránṣọ ẹyọ kan sí oríkèé, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ ṣí ìdérí agolo. Ọ̀bẹ tí ẹ bá fi la àpò oògùn koríko tàbí oògùn kòkòrò, kó má tún kan oúnjẹ mọ́. Ẹ ya ti oògùn sọ́tọ̀, kí ẹ fi okùn pupa so ó.

Bó bá ṣe pé ó gé yín, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ má da eérú tàbí epo mọ́tò sí i. Ẹ lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, pàápàá tó bá jìn.

KÌ Í ṢE OHUN ÌJÀ

A gbọ́dọ̀ sọ èyí. Látìgbà tí àwọn agbébọn kọlu ilé ìjọsìn ní Èrúkù ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀, àwọn kan nínú wa ń sọ pé àwọn á ra ọ̀bẹ láti fi gba ara wọn sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́, gbogbo wa la ní in. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọwọ́ ẹni kì í tíì tẹ èèkù idà ká máa bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọ̀bẹ àpò kì í sì í ṣe idà. Kò lè kojú ìbọn, ó kàn lè mú kí wọ́n pa ẹni tó yọ ọ́ ni. Ohun tó ń gbà wá ni pé ká jọ rìn, ká tètè kúrò lọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú, ká sì jẹ́ kí ilé mọ ọ̀nà tí a gbà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé nínú òfin ìdigunjalè ilẹ̀ wa, ìbọn nìkan kọ́ ni ohun ìjà. Ohun tí èèyàn gbé dání láti fi ṣe ẹlòmíràn léṣe, ohun ìjà ni. Bí ọlọ́pàá bá bi yín lójú ọ̀nà, kí ọ̀bẹ wà ní pípadé láàárín ẹrù ọjà, kí ìdáhùn yín sì rọrùn: “Mo fi ń gé okùn àpò ni.” Ẹni tó bá sì ń lọ wọ bàálù, kó fi í sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni, kó má fi í sínú báàgì ọwọ́.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ tí ẹ ò mọ bí a ṣe ń dán an wò, ẹ pe ẹnì kejì yín ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiyín. Ẹ jọ ṣí i, ẹ jọ pa á dé, nígbà mẹ́wàá.

Ajé á wọgbá. Ìka wa á pé mẹ́wàá. Àṣẹ.