Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ̀rọ wo ni ẹni tó fẹ́ máa ṣe káfíńtà nínú ilé yóò kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan o. Ẹ kọ́kọ́ wo iná tí ẹ ní. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” kì í gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 sí 900 lọ. Ayùn oníná alábẹ róbótó sábà máa ń jẹ wáàtì 1,200 sókè, mọ́tò rẹ̀ á sì tún fa iná jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀.

Tí iná yín bá ti tó, ayùn oníná àfọwọ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe ti orí tábìlì tó wọ́n gógó. Èyí tí abẹ róbótó rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 185 máa ń gé pákó onínṣì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi clamp de igi tó tọ́ mọ́ orí pákó, kí ayùn máa tọ̀ ọ́ lọ.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé ìbòrí abẹ sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀. Tí kò bá padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ wàì, ẹ má rà á, ó lè géni lọ́wọ́.

Dírìlì ló kàn. Ẹ̀rọ ìfági ńlá kò kánjú rárá; wọ́n á bá yín fá pákó ní sọ́ọ̀mìlì.

Ẹ ṣọ́ra fún pákó tútù: ó máa ń fún abẹ mọ́ra, ayùn á sì ta padà sẹ́ni tó dì í mú. Eruku ìrókò náà ń yún ara, ó sì ń dí èémí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbòmú.