Omi Ni A Ń Tọ́jú Kí Ẹja Tó Yè: Àlàyé Lórí Omi àti Ohun Èlò Adágún Ẹja Inú Ilé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí adágún ẹja wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Àwọn kan fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ tiwọn, àwọn kan ta tapólì sórí férémù pákó tàbí irin, àwọn mìíràn sì ń lo táńkì oníke ńlá. Ẹja àrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sìn. Ọgbà ẹja tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní Odogunyan, ní agbègbè Ìkòròdú, àti ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ ẹja kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará ibẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó máa ń ba olùsìn ẹja nínú jẹ́. Adágún tí ẹja inú rẹ̀ ń ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ lè di èyí tí òkú ẹja kún ojú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún a sì bá omi lọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn a máa fura sí ọ̀tá, tàbí kí wọ́n dá ẹni tí ó ta oúnjẹ ẹja lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú omi gan-an ni ohun tí ó pa ẹja náà wà. Àwọn àgbà sọ pé omi kò lọ́tàá; ṣùgbọ́n omi tí a kò tọ́jú lè di ọ̀tá ẹja. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí, kí ẹni tí ó ń sin ẹja lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa wọ̀n, ohun tí ó yẹ kí ó máa tún ṣe, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣe é.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi

Inú omi kan náà tí ẹja ń mí sí ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó sì ń ya ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ sí. Nígbà tí oúnjẹ bá dà nínú ẹja, ara rẹ̀ a máa tú èròjà kan tí a ń pè ní amóníà sínú omi. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì jẹrà ní ìsàlẹ̀ adágún náà ń di amóníà. Májèlé ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Ó máa ń jó ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí.

Ọlọ́run kò fi ẹja sílẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Àwọn bakitéríà kan wà tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara ògiri adágún, inú páìpù àti orí òkúta. Ọ̀wọ́ kan nínú wọn ń sọ amóníà di nitrite, èyí tí ó ṣì léwu. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀. Àwọn bakitéríà yìí máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Nítorí náà, adágún tuntun kò lè gba ẹja púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí a máa fi kẹ́míkà apakòkòrò fọ adágún tí ẹja ń gbé nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹja 400, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì kìlógíráàmù, àpapọ̀ wọn jẹ́ kìlógíráàmù 200. Bí wọ́n bá ń jẹ oúnjẹ tí ó tó ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lójoojúmọ́, kìlógíráàmù 4 nìyẹn. Nínú oúnjẹ tí púrótéènì rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, kìlógíráàmù 4 yìí lè mú amóníà tí ó sún mọ́ gíráàmù 150 wọ inú omi. Bí omi adágún bá jẹ́ 10,000 lítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù 15 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìṣirò yìí fi hàn pé ìdajì omi tí àwọn kan ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ kì í tó nígbà tí ẹja bá ti dàgbà. Bí 15 bá ń wọlé lójúmọ́, tí a sì ń da ìdajì omi nù, yóò jẹ́ 15 ní ọjọ́ kìíní kí a tó da omi, yóò lé ní 22 ní ọjọ́ kejì, yóò lé ní 26 ní ọjọ́ kẹta, yóò sì máa gùn lọ títí yóò fi sún mọ́ 30. Ohun tí ó lè gbà wá ni kí a dín iye ẹja kù, kí a dín oúnjẹ kù, kí a pààrọ̀ omi púpọ̀ sí i, tàbí kí a kọ́ àsẹ́ tí bakitéríà lè gbé inú rẹ̀ ṣiṣẹ́.

pH: ohun tí ó ń mú amóníà le

Ìwọ̀n pH ni a fi ń mọ̀ bóyá omi kan tàbí kò kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 14, 7 sì ni àárín rẹ̀. Omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ 7 kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tí ó ju 7 lọ dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ. Ẹja àrọ̀ fẹ́ràn omi tí pH rẹ̀ wà láàárín 6.5 sí 8, tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ sì wà láàárín 26 sí 30 lórí tẹmọ́mítà Celsius.

Oríṣi amóníà méjì ni ó wà nínú omi, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì ń pa ẹja ní kíákíá. Bí pH bá ti ń ga sí i ni èyí tí ó ń pa ẹja ń pọ̀ sí i. Bí ooru omi bá jẹ́ 28, èyí tí ó léwu kò tó ìdá 1 nínú 100 nígbà tí pH jẹ́ 7. Bí pH bá di 8, ó di nǹkan bí ìdá 6 sí 7. Bí pH bá di 9, ó lé ní ìdá 40. Ẹ wò ó báyìí: bí ohun èlò ìdánwò bá sọ pé àpapọ̀ amóníà jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, èyí tí ó léwu nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.014 ní pH 7, ṣùgbọ́n ó di 0.13 ní pH 8. Kò yẹ kí ó kọjá 0.05. Omi kan náà, amóníà kan náà. pH nìkan ni ó yàtọ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ń kìlọ̀ gidigidi: ẹ má ṣe da láìmù sínú omi tí ẹja ti ń ṣàìsàn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti wọn amóníà. Láìmù a máa gbé pH sókè. Ẹni tí ó rò pé òun ń tọ́jú ẹja lè tipa bẹ́ẹ̀ parí iṣẹ́ tí amóníà bẹ̀rẹ̀. Kí a tó kó ẹja sínú omi ni a ń fi láìmù tún un ṣe, tàbí lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ omi ìdọ̀tí kúrò.

Omi Ìkòròdú, omi Ẹ̀pẹ́

Omi kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè yìí, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń kan díẹ̀, irin a sì máa wà nínú rẹ̀. Òun ni ó máa ń sọ táńkì di pupa bí ìpẹtà. Ọ́síjìn inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ fà á sínú táńkì òkè, ẹ jẹ́ kí ó ti òkè dà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí irin inú rẹ̀ rọlẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ẹni tí ó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba ní láti jẹ́ kí ó wà ní gbangba fún ọjọ́ kan sí méjì kí kílórínì inú rẹ̀ lè fò lọ.

Omi ọ̀sà kò rí bákan náà ní ibi méjèèjì. Omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìhà Ìpakodò ní Ìkòròdú a máa ní iyọ̀ sí i ní ìgbà ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun bá ń wọlé tí òjò kò sì rọ̀ láti lé e padà. Nítorí náà, kò yẹ kí a kàn fa omi ọ̀sà sínú adágún láìdán an wò.

Adágún tuntun tí a fi sìmẹ́ńtì kọ́ náà ní tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì a máa gbé pH ga púpọ̀. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i títí ìdánwò yóò fi fi hàn pé pH ti sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí ó yẹ.

Àwọn ohun èlò àti ìtọ́jú wọn

Ẹja àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́, òun ni ó jẹ́ kí ó lè fara da omi tí ẹja mìíràn kò lè fara dà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní agbára yìí títí wọn yóò fi tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì dúró, àwọn ọmọ ẹja ni ó kọ́kọ́ ń kú. Ẹni tí ó bá ń pa ẹyin ẹja gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba.

• Póǹpù: ẹ máa fọ àsẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá ń dínkù, ẹ má dúró dìgbà tí yóò bàjẹ́ pátápátá.
• Táńkì òkè: ó dára kí omi inú rẹ̀ tó láti pààrọ̀ ìdajì adágún kan, ó kéré tán, nígbà tí iná kò bá sí.
• Páìpù ìdominù: ìsàlẹ̀ ni kí ó ti máa fa omi jáde, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń rọlẹ̀ sí. Ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ kí ẹja má baà bá a lọ.
• Ohun èlò ìdánwò: ẹ wo ọjọ́ tí agbára oògùn inú rẹ̀ yóò tán. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn pH ní láti máa gba àtúnṣe pẹ̀lú omi ìdíwọ̀n 4 àti 7, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa purọ́.
• Iná mànàmáná: oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ ni kí ó so wáyà, kí ó sì rì í mọ́lẹ̀. Wáyà kò gbọdọ̀ sùn sórí ilẹ̀ tútù. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìfi òórùn kìlọ̀.

Bí ẹ bá rí àmì ewu

Ẹja àrọ̀ tí ó gòkè mí tí ó sì padà sísàlẹ̀ kò ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá dúró lóròó lójú omi tí kò padà, tí ó kọ oúnjẹ, tàbí tí àmì pupa yọ lára rẹ̀, ẹ tètè ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Ẹ dá oúnjẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ da ìdajì omi nù láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi omi tuntun tí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ wọn pH, amóníà àti nitrite. Bí nitrite bá pọ̀ ju 0.5 lọ, iyọ̀ lásán, kìlógíráàmù 1 sí 1,000 lítà omi, a máa dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ ẹja. Ẹ má ṣe da oògùn ènìyàn sínú omi. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè. Òkú ẹja kò ṣe é tà, kò sì ṣe é jẹ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga.

Omi tí ẹ dà nù náà ní ẹrù tirẹ̀. Ẹ má ṣe darí rẹ̀ sí gọ́tà àdúgbò tàbí ilé aládùúgbò. Oúnjẹ ni ó jẹ́ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ nínú ọgbà.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín

Ẹ ní ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Ẹ kọ ooru omi àti ìwọ̀n oúnjẹ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ pH àti amóníà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, nítorí pH omi tí ó ti di àwọ̀ ewé a máa ga lọ́sàn-án. Ní ìgbà ọyẹ́, omi a máa tutù, ẹja kì í sì í jẹun púpọ̀. Ẹ dín oúnjẹ kù. Ní ìgbà òjò, ẹ gbé etí adágún ga, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó, kí àgbàrá má baà kó ẹja lọ.

Ẹni tí ó bá nílò ìtọ́sọ́nà lè lọ sí ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ètò Ọ̀gbìn ní Alausa, Ìkẹjà, tàbí ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ọjọ́ tí omi ṣì mọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.