Àyọ́gbọ́ Ìjọba àti Ìjíhìn: Ta Ló Fọwọ́ Sí I?

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bí ìjọba ṣe ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Ta ni ó sọ ọ́, ta ni a sọ ọ́ fún, ta ni ó sì gbọ́ ọ? Ohun tí a ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lójoojúmọ́ nìyẹn, òun náà ni mo sì gbé wá síwájú yín. Àyọ́gbọ́ ni n óò máa pe ìṣe yìí, èyíinì ni pé kí alágbára yọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí a kò bá a sọ, tàbí kí ó máa tọ ipasẹ̀ ẹni láti ara fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi ń mọ Ṣómólú jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Bajúláyè kọjá yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò rí orúkọ atẹ̀wé ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. A lè sọ pé ìpolówó ọjà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1903, ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá máa tẹ ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ búra, kí ó fi orúkọ àti ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi pọ́n-ùn 250 ṣe onídùúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba kò yí ohùn padà. Nígbà tí àwọn ológun tiwa náà gba ìjọba, wọ́n ṣe Òfin Kẹrin ti 1984, wọ́n sì fi í sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn oníròyìn The Guardian, sí ẹ̀wọ̀n lọ́dún náà gan-an. Ìdí tí wọ́n fi rí wọn mú kò ṣòro: orúkọ wà lára iṣẹ́ wọn.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà náà, tí ìjọba ti ń sọ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pé kí ó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń gbọ́ ńkọ́? Níbo ni òun ń fọwọ́ sí?

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ àyọ́gbọ́. Wọ́n ní ògiri létí, wọ́n sì mọ amí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀, máa ń fi sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn. Ojú àti etí ẹni tí ó rán an ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn hùwà ìkà, èmi kò fẹ́ ṣe ìgbà àtijọ́ lẹ́wà ju bí ó ti rí lọ. Síbẹ̀ ìlú mọ ajẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an wá. Nígbà tí ara kò sì gbà á mọ́ ní 1878, tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, gbogbo ayé mọ ẹni tí ogun ń bá wí. Ogun Kírìjì ni ó ti ibẹ̀ yọ. Ajẹ́lẹ̀ òde òní kò ní ilé ní ìlú. Inú àpò wa ni ó ń gbé, kò sì sí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀ rí.

Báwo ni ó ṣe ń wọlé? Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni pé kí ìjọba béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Láti 2011 ni a ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀. Èmi náà tò lábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Bàrígà, mo tẹ ìka, wọ́n ya àwòrán ojú mi, inú mi sì dùn pé mo ṣe ojúṣe ọmọ ìlú rere. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba pàṣẹ kí a so síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2022, wọ́n dí ìpè jíjáde lórí àwọn ìlà tí a kò tí ì so, tí ó lé ní mílíọ̀nù 72. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ ti 2015 sì ti pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì. Ọ̀nà kejì kò nílò kí a béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé a máa bi ara wọn léèrè ibi tí fóònù kan wà, kí ìpè lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí ó lè bẹ òpó náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò mọ ibi tí ẹ wà láìfọwọ́ kan fóònù yín. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Circles ti ta irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn olùwádìí Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto rí ipasẹ̀ méjì irú ẹ̀rọ yìí ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbà pé ó jọ pé ti àjọ ìwádìí abẹ́lẹ̀ àwọn ológun ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà kẹta burú jù: a ó rán ohun kan wọ inú fóònù náà, yóò sì di etí àti ojú ẹlòmíràn. Pegasus ni ó lókìkí nínú irú èyí. Ní 2019, wọ́n dójú rẹ̀ kọ bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan àti àlùfáà kan ní Tógò tí wọ́n ń bèèrè àtúnṣe nínú ìṣèlú.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ajínigbé ń fi fóònù béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ṣé kí ìjọba má gbọ́ ni? Kí ó gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá jí ọmọ rẹ̀ gbé kò ní bá yín jiyàn lórí òfin. Ẹ̀wẹ̀, òfin wa kò sọ pé kí ìjọba má gbọ́. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 37, dáàbò bo ilé wa, ìwé tí a ń kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù wa. Abala 45 sì fi àyè sílẹ̀ fún òfin tí ó bá jẹ́ ti ààbò ìlú. Ìlànà tí Àjọ NCC gbé jáde ní 2019 ní kí ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò tàbí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, wọ́n lè kọ́kọ́ gbọ́ ná, kí wọ́n tó lọ bá adájọ́ láàárín wákàtí 48. Ẹni tí ó bá rò pé a ṣẹ òun lè gba ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ lọ.

Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìwé náà bí a ṣe ń ka ewì, kí a wo ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Ta ni yóò sọ fún ẹni náà pé a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ pé a ṣẹ òun kò lè pẹjọ́. Ní Jámánì, òfin wọn ní kí a fi tó ẹni tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, bí ìyẹn kò bá ní ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní Bìrìtéènì, láti ìgbà òfin 2016, mínísítà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, adájọ́ a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Olórí Ìjọba ni ó sábà máa ń fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé olóṣèlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ní tiwa, òṣìṣẹ́ ni ó ń bèèrè, adájọ́ ni ó ń fún un, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn; ẹni tí a dìbò fún kò sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bàjẹ́, yóò ní òun kò mọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ni ó ń sọ. Èyí ni ó bà mí nínú jẹ́ jù.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ 2013. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé iṣẹ́ Elbit ti Ísírẹ́lì kéde pé òun ti gba iṣẹ́ mílíọ̀nù 40 dọ́là láti bá orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣe ẹ̀rọ ìwádìí abẹ́lẹ̀. Wọn kò dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ìwé ìròyìn Premium Times ni ó sọ fún wa pé àwa ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọjà tí a fi owó wa rà, ajọ́mọ-láti-ẹnu-oníròyìn ni a fi mọ̀ ọ́n! Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin bínú, wọ́n ní kí a wádìí. Nígbà tí ó di 2015 tí àwọn kan fọ́ àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ Hacking Team ti Ítálì síta, a tún rí ìpínlẹ̀ Bayelsa lára àwọn oníbàárà. Ìpínlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó gún mi lára jù wá láti Gánà. Ìjọba wọn ra Pegasus ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì di ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2020, ilé ẹjọ́ gíga ní Ákírà sọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ mẹ́ta sí ẹ̀wọ̀n. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Owó. Wọ́n fi ọjà náà pa owó ìlú lára. Ti pé ìlú ra etí tí yóò fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jíhìn ìyẹn níwájú adájọ́ náà, bóyá nítorí pé owó ni gbogbo wa mọ bí a ti ń kà.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn olùkọ́ a máa túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí ìránṣẹ́ lo làákàyè. Mo fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà fòfin de kí wọ́n máa dá ọ̀dọ́ dúró láti tú fóònù wọn yẹ̀wò láìní àṣẹ. Àṣẹ sí ìránṣẹ́ ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà ní olùránni nínú, òun ni a kì í sábà bi ní ìbéèrè.

Ìbéèrè náà kò sì le. Ẹni tí Ṣómólú bá rán lọ sí Ilé Aṣojúṣòfin lè dìde lọ́dọọdún kí ó béèrè iye ìwé àṣẹ àyọ́gbọ́ tí adájọ́ fúnni, iye tí adájọ́ kọ̀, àti iye ìgbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kí a tó gba àṣẹ. Ní Bìrìtéènì, wọ́n ń tẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Iye nìkan ni, kì í ṣe orúkọ ẹni tí a ń ṣọ́. Kò lè ta ajínigbé kankan lólobó. Orúkọ kan péré ni ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ní lẹ́tà wínníwínní bí ti atẹ̀wé Bajúláyè.