Ṣé o mọ̀? Ọmu ara ọ̀pẹ lè di ẹwà àgbàlá

Ṣé o mọ̀ pé ewé ọmu tó ń rọ̀ wálẹ̀ lára ọ̀pẹ ní Osi, Iloffa àti àyíká wọn, èyí tí akọpẹ ń fi àdá gé dànù kó lè ráyè gùn, ìbátan rẹ̀ ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fowó rà sínú ìkòkò pálọ̀? Fern ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé ọmu kì í tanná, kì í sì í so? Yí ewé rẹ̀ dojú dé: wàá rí àmì roboto aláwọ̀ ilẹ̀ tó tò létíletí. Kì í ṣe kòkòrò, má fín oògùn sí i. Inú wọn ni lẹ́búlẹ́bú tí atẹ́gùn ń gbé lọ wà. Èyí tó bá bọ́ síbi tútù yóò kọ́kọ́ di ewé pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, kí ọmu gan-an tó yọ lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé irú kan ń ta iṣu wẹ́wẹ́ sí ìdí? Ẹ̀ẹ̀rùn á pa ewé rẹ̀ tán, àmọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á tún rú.

Ṣé o mọ̀ pé òmíràn ní oríṣi ewé méjì? Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ igi bí asà, èkejì so rọ̀. Bí èyí tó lẹ̀ mọ́gi bá gbẹ, má ya á: ẹ̀yìn rẹ̀ ni pàǹtírí ti ń jẹrà di oúnjẹ rẹ̀. Palisot de Beauvois, ọmọ Faransé tó wá sí agbègbè Wàrì àti Bìní láàárín 1786 sí 1788, kọ nípa ọ̀kan nínú irú ọmu eléwé méjì yìí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmu kan tó ń hù lára ògiri tútù ń fa májèlé arsenic inú ilẹ̀ sínú ewé rẹ̀? Lena Ma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida ló kéde rẹ̀ ní 2001.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ máńgòrò tí koríko kò ti hù dáadáa ni ọmu fẹ́? Nígbà òjò, yọ ìdí kan tòun ti gbòǹgbò lára ọ̀pẹ tó ti wó. Po ewé jíjẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti èédú fífọ́, kí o gbìn ín síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní pa á. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ta yí i ká, má gé e. Ibi tó bá ti kanlẹ̀ ni ọmọ tuntun ti ń yọ. Bí ọyẹ́ bá dé, máa wọ́n omi sí i láàárọ̀.

Nítorí náà, bí akọpẹ bá tún yọ àdá, sọ fún un kó fi ìdí kan sílẹ̀ fún ọ.