Nọ́ḿbà Alápá-Méjì àti Ìdáhùn Ẹ̀rọ: Àlàyé lórí Àṣẹ IMEXP

Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé ìdáhùn tí kọ̀ǹpútà fún ni kò tíì di ìmọ̀, àfi bí a bá mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Àṣẹ IMEXP, tí ó wà nínú ètò ìṣirò Excel, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nọ́ḿbà alápá-méjì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní complex number, ni a ń kọ báyìí: x + yi. Apá kìíní jẹ́ nọ́ḿbà tí gbogbo wa mọ̀; ní ti apá kejì, i × i = -1. Gbogbo wa mọ̀ pé e³ ni e × e × e, níbi tí e ti jẹ́ nǹkan bí 2.71828. Kí wá ni eⁱ? A kò lè fi i ka iye ìgbà. Leonhard Euler tú kókó náà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1748: eʸⁱ = cos y + i sin y. Nítorí náà, eˣ⁺ʸⁱ = eˣ(cos y + i sin y). x ni ó ń sọ bí ìdáhùn yóò ti tóbi tó. Y ni ó ń sọ ibi tí yóò kọjú sí.

Bí a bá kọ =IMEXP("1+i"), ìdáhùn Excel bẹ̀rẹ̀ báyìí: 1.4687 fún apá kìíní, 2.2874 fún apá kejì. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é wò: e × 0.5403 àti e × 0.8415 ni.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á ṣọ́ra fún. Èkíní, rédíánì ni a fi ń wọn igun níhìn-ín, kì í ṣe dìgíríì. Rédíánì 1 tó nǹkan bí dìgíríì 57.3. Onímọ̀ iná mànàmáná tí ó bá gbàgbé èyí yóò ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe, Excel kò sì ní kìlọ̀ fún un. Èkejì, Excel ka ìdáhùn náà sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ḿbà. Bí a bá fẹ́ ro méjì pọ̀, IMSUM ni a ó lò; IMREAL àti IMAGINARY ni ó ń yọ apá kọ̀ọ̀kan jáde.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ìmọ̀ fi yé wa pé e tí a gbé πi lé lórí jẹ́ -1 gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ =IMEXP(COMPLEX(0,PI())), a sábà máa ń rí èérún kan tí ó kéré gan-an lára -1 náà. Ìdí ni pé π kò lópin, ẹ̀rọ kò sì lè pa ju nǹkan bí díjíìtì 15 mọ́. Bí a bá bi Excel bóyá apá kejì jẹ́ 0, yóò ní rárá.

A kò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹni tí ó mọ òfin Euler nìkan ni yóò mọ̀ pé èérún lásán ni èérún náà.